Wọ́n Kọ "Kèfèrí" sí Abẹ́ Bàbá Mi

Oṣù kẹjọ tí mo dé Jámánì ni mo rí bàbá mi lára ògiri. Mọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ mi, garawa omi ọṣẹ wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n gbé e kọ́ sí àárín ọ̀kọ̀ méjì àti awọ ẹkùn kan tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ó ti pẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé. N kò gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìgbà SAP ni, ìgbà tí gbogbo ẹni tó kàwé díẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde nílùú. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé-ìwé girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀yọ́ ni ilé wa, kò jìnnà sí Akẹ̀sán. Aránṣọ ni bàbá mi, agbádá ló ń rán. Òun náà sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tó ń pe ìrun. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìyá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gba ẹ̀sìn tèmi kó tó kú. Bàbá mi kò fìgbà kan bá mi jà lórí ẹ. Bí mo bá wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi pé, "Dìde, àkókò ṣọ́ọ̀ṣì ti tó."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Oṣù Kẹfà wọlé, ojú ọ̀run funfun bí àwo. Àgbàdo tí wọ́n gbìn ní Ìkòyí-Ilé àti gbogbo agbègbè yẹn gbẹ lórí ìdúró. Kànga ilé-ìwé wa gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fà jáde nínú ẹ. Mo lọ sílé ní Sátidé kan, mo bá ilé lófo. Wọ́n ní gbogbo wọn ti lọ sí Yìdí láti kírun òjò.

Mo tọ̀ wọ́n lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò kúrò lójú mi títí dòní. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúró nínú oòrùn, wọ́n ti yí aṣọ ọrùn wọn sódì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìrun òjò, ojú rírán wà níta. Bàbá mi wà níwájú. Bàbá mi, tí kì í jẹ́ kí òwú kan ṣoṣo yọ lára aṣọ oníbàárà, òun ló wọ agbádá sódì tí òwú ń já lálá lára rẹ̀, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìrun náà ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà àti àwọn Àgùdà tó ń fi àdúrà yí ìlú ká dé ibẹ̀. Kátíkíìsì wa, olùkọ́ ẹ̀sìn ìjọ Àgùdà, dúró, ó kí ìmáàmù. Àwọn méjèèjì jọ gbé ojú sókè wo ọ̀run.

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo wá pákó pẹlẹbẹ kan, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ohun tí mo rí. N kò ya èrò lásán. Mo ya ojú ẹni kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí, tó fi jẹ́ pé ará Ọ̀yọ́ tó bá wò ó á sọ pé lágbájá nìyí, tàmẹ̀dò nìyẹn.

Fáda òyìnbó kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ọmọ Jámánì ni. Ó wá sí ilé-ìwé wa lọ́jọ́ kan, ó rí àwòrán náà lára ògiri kíláàsì, ó sì dúró tì í fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé o mọ̀ pé irú èyí wà lọ́dọ̀ wa?" ó bi mí. "Bí yìnyín bá fẹ́ ba oko jẹ́, àwọn àgbẹ̀ ìlú mi a bẹ Ọlọ́run. Bí ewu bá kọjá, wọ́n á ya ara wọn lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí n fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n rí i pé ọmọ Bàbá kan náà ni wá."

Ó ní ilé àwọn sísítà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe, pé wọ́n á gbà mí kí n kọ́ṣẹ́ náà. Mo gbé àwòrán náà lọ sílé kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè rí i, mo sì sọ fún bàbá mi, nítorí ojú rẹ̀ ló wà níwájú nínú àwòrán náà. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ojú tèmi yìí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ìlú òyìnbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí wọ́n gbé e lọ. Kí àwọn náà mọ̀ pé a mọ Ọlọ́run níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà ṣe lọ ṣáájú, tí èmi náà sì tẹ̀ lé e.

Ilé àwọn sísítà náà wà lórí òkè, nínú abúlé kan ní gúúsù Jámánì. Bàbá àgbàlagbà tó yẹ kó kọ́ mi níṣẹ́ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kí n tó dé. Sísítà Àgbà, tó jẹ́ olórí ilé náà, ní kí n ṣe sùúrù, pé wọ́n á wá ẹlòmíràn. Ó gbé aṣọ ìdáná funfun kan lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé fún ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo bó pòtétò, mo fọ àtẹ̀gùn, mo fọ aṣọ ìbùsùn àwọn àlejò tó ń wá gbàdúrà. Òjò dídì rọ̀, ó yọ́, mo ṣì ń bó pòtétò. Mo kọ lẹ́tà sí Fáda ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdáhùn tó padà wá ni pé wọ́n ti gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kì í kí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Màá wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi àtẹ̀gùn, búrọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọwọ́ mi bí ẹni pé ara igi àtẹ̀gùn ni mí. Nílé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti mọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ là ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú èdè wọn, n kò rí i. Sísítà kan bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí kí n tó rí bàtà. Èmi ọmọ aránṣọ Ọ̀yọ́! Ìbínú tó kún inú mi lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Rósà tó ń dáná nìkan ló yàtọ̀. Obìnrin opó ni, ó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, àgbẹ̀ sì ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ní kí n tún orúkọ mi pè lẹ́ẹ̀mẹta títí òun náà fi lè pè é. Òun ló kọ́ mi ní èdè wọn, nídìí pòtétò bíbó.

Òun náà ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nínú ọgbà. Àwọn àwòrán tí Fáda sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n bo ògiri láti ilẹ̀ dé òkè. Orí pákó kéékèèké ni wọ́n yà wọ́n sí. Ìkùukùu dúdú, yìnyín tó tóbi bí ẹyin adìyẹ, àlìkámà tó ti wó lulẹ̀. Níwájú rẹ̀, ọkọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ kúnlẹ̀ ní ìlà, ọkọ ti bọ́ fìlà. Màríà Mímọ́ wà lókè nínú ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ àwọn mìíràn tó yà wọ́n kò dára, orí tóbi ju ara lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lójú wọn kì í ṣe irọ́. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Mo rí i ní Yìdí. Ọjọ́ náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ara mi balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo máa ń sá wọ ibẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá dúró ti àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn bí ẹni wà láàárín ará ilé.

Mò ń béèrè àwòrán tèmi. Wọ́n ní ó wà ní Yàrá Míṣọ́n, níbi tí wọ́n ń to ohun tí àwọn míṣọ́nárì kó wálé sí, pé wọn kì í ṣí i títí àwọn àlejò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí n lọ nu ilẹ̀ ibẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé pélébé náà nìyí: "Àwọn kèfèrí ń bọ ẹ̀mí òjò. Áfíríkà. A kò mọ ẹni tó yà á."

Nígbà tí mo dìde nílẹ̀, mo lọ pe Rósà kí ó kà á fún mi, bóyá èdè ni n kò gbọ́ dáadáa. Ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ni ọkùnrin tó wà níwájú yìí?" ó bi mí.

"Bàbá mi ni."

Mo gba ọ́fíìsì Sísítà Àgbà lọ tààrà pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn, mo sì mú un wá síwájú àwòrán náà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Irú ìwé tí a máa ń kọ sínú yàrá yìí ni. Kí ló dé?"

"Bàbá mi nìyẹn."

Ó wo àwòrán, ó wò mí. "Ṣé ó ti ṣe ìrìbọmi?"

"Rárá. Mùsùlùmí ni."

"Ó dáa, nígbà náà..." Ó tẹ́ ọwọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Nígbà náà kí ni? Ta ni ẹ rò pé ó ń bẹ̀?"

"Má pariwo. Àwọn àlejò ń sinmi."

"Kátíkíìsì wa nìyí. Ẹ wo rósárì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé òun náà kò ṣe ìrìbọmi?"

Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó ní òun kò rí rósárì náà tẹ́lẹ̀. Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n ti gbé àwòrán náà kọ́, kò sì rí rósárì ìjọ tirẹ̀!

"Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́?" mo ní. "Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí yìnyín. Kèfèrí ni àwọn náà?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Àwọn yẹn ń gbàdúrà," ó dá mi lóhùn, ó sì jáde.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni èmi àti bàbá mi ti fi àdéhùn sí láti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé màá kọ lẹ́tà ní oṣù kan ṣáájú, màá dá ọjọ́ àti wákàtí, bàbá mi á sì lọ jókòó sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ọ̀yọ́ láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi pè é. Ó pariwo sínú fóònù bí ẹni ń pe ìrun.

"Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Bàbá. Ẹ kú àárò mi."

"Àwòrán wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé e kọ́?"

"Wọ́n ti gbé e kọ́."

"Ṣé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń rí i ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Alihamudulilahi. Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ?"

N kò mọ ohun tó mú un béèrè ìyẹn. Mo gbọ́ tí ó ń mí. Mo gbọ́ àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn Ọ̀yọ́ tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́jọ.

"Wọ́n kọ ọ́ pé, 'Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń tọrọ òjò lọ́wọ́ Ọlọ́run.'"

"Ṣé o rí i?" ni bàbá mi wí fún ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. "Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọ́ pé mò ń sunkún.

Mo bínú sí Sísítà Àgbà, mo bínú sí Fáda, ṣùgbọ́n lẹ́yìn fóònù yẹn, ara mi gan-an ni mo bínú sí. Wọ́n sọ bàbá mi di kèfèrí, èmi náà wá sọ ara mi di òpùrọ́ láti bò wọ́n láṣìírí.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ọdún àdúrà ìgbà ìkórè. Àwọn àgbẹ̀ gbogbo agbègbè náà ń fi orin yí oko ká, àlùfáà wà níwájú. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọ̀run ṣú. Wọ́n sáré padà wá, wọ́n lu aago ṣọ́ọ̀ṣì. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ń lu páànù bí òkúta. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo rí wọn tí wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nínú ọgbà, ọkùnrin àti obìnrin, fìlà lọ́wọ́, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Rósà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Èmi náà kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà fún oko wọn, tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò kún Yàrá Míṣọ́n. Mò ń nu gíláàsì níbẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, tí ẹrẹ̀ àná ṣì wà lára bàtà rẹ̀, ka ìwé abẹ́ àwòrán mi sókè fún àwọn tó bá a wá. Ó gbé ọwọ́ sókè bíi ti bàbá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́nún-pọ́nún, ó ń ké "hú-hú-hú." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ju aṣọ tí mo fi ń nù ún sílẹ̀.

"Mo rí ọ lánàá," mo sọ fún un ní èdè rẹ̀. "O kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. O gbọ́wọ́ sókè báyìí. Ṣé mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rín tán. Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. Mo já ìwé pélébé náà kúrò lára ògiri níṣojú gbogbo wọn, mo yí i padà, mo sì mú pẹ́ńsù mi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: "Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń tọrọ òjò lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó wà níwájú ni bàbá mi, aránṣọ àti ládàánì. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo yà á." Mo kọ orúkọ mi sí i ní kíkún, mo sì lẹ̀ ẹ́ padà.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Sísítà Àgbà ní kí n yàn: kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò náà, tàbí kí n kẹ́rù mi. Mo kẹ́rù mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àwòrán mi. Ó ní Fáda ti fi ta ilé àwọn lọ́rẹ, tiwọn ni. Rósà bá mi gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń tún orúkọ mi pè.

Mo rí iṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni mo ti dá ọjọ́ mìíràn fún bàbá mi, mo sì sọ òtítọ́ fún un látinú àpótí tẹlifóònù onígíláàsì kan, tí àwọn ènìyàn tò sí lẹ́yìn mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ kèfèrí náà.

"Bàbá?"

"Mò ń gbọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Orúkọ tí wọ́n pè mí, Ọlọ́run tí mo ké pè mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n irọ́ tí o pa fún mi, mo ti gbé e dé mọ́ṣáláṣí. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà."

"Mò ń bínú. Ìwọ náà, máa bínú ní tìrẹ, ó tọ́ sí ọ. Má ṣáà tún purọ́ fún mi mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni n ó dìde láàárín wọn, n ó sọ ohun tí wọ́n kọ gan-an."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lé ní oṣù kan kí ìwé tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kátíkíìsì wa ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn alàgbà mọ́ṣáláṣí ló ń sọ ọ̀rọ̀ fún un. Gbólóhùn méjì péré ni: "Àwa ni a wà nínú àwòrán yẹn. Orúkọ wa nìyí." Orúkọ mọ́kànlélógún ló wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀wé kọ ti tẹ ìka. Ìmáàmù wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta òwú ní Akẹ̀sán wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti kú láàárín àkókò náà. Ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ka fún un.

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, mo wọ ọkọ̀ rélùwéè àti bọ́ọ̀sì lọ sókè lọ́jọ́ tí n kò ní iṣẹ́. Yàrá Míṣọ́n ṣófo ní ibi tí bàbá mi wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé àwòrán náà sọ sí àjà ilẹ̀. Ó wù wọ́n kí ògiri ṣófo ju kí wọ́n kọ orúkọ wa sí i. Sísítà Àgbà ka ìwé náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka kan orúkọ kan. Ó ní òun á fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà.

"Ẹ má fi sínú àdúrà," mo ní. "Ẹ fi sára ògiri. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fún mi ní àwòrán mi."

Mo dúró sójú ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn àlejò ń kọjá, mò ń ka orúkọ àwọn ará Ọ̀yọ́ náà sókè, láti orí ẹni àkọ́kọ́. Mo ti ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta kí Sísítà Àgbà tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e fún mi. Rósà àti ọkùnrin olùtọ́jú ọgbà ló gbé àwòrán náà jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ti fi kọ́tìnnì àtijọ́ wé e. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì. Títí di òní olónìí, kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì.

Pákó náà kò wọ ibi ẹrù nínú ọkọ̀ rélùwéè, mo gbé e lé itan. Kọ́tìnnì náà yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó kọjú sí mi wò ó, ó wò ó, ó wá bi mí pé, "Àwọn wo nìyí?"

Inú ṣì ń bí mi. Mo fi ìka lé ojú bàbá mi, mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo wá bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé e. N kò fo ẹnì kankan.